Ìpele 120 ni mo fi akọni mi sí, ìpele 50 ni mo bá a: báwo ni kí n ṣe padà sínú World of Warcraft?

Akọni-tó-padà:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú eré yìí. Ọdún 2019 ni mo fi World of Warcraft, eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń jọ ṣe, sílẹ̀, nígbà tí Battle for Azeroth, ọ̀kan lára àwọn àfikún ńlá tí wọ́n máa ń tà kún un, ṣì wà lójú ọpọ́n. Akọni mi jẹ́ jagunjagun tó ń gbé asà. Ó ti dé ìpele 120 nígbà náà, níbi tí kò sí ẹni tó lè kọjá rẹ̀, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ oṣù kó ìhámọ́ra tó gbámúṣé jọ fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún owó àkáǹtì mi san, mo ra àfikún The War Within, mo sì wọlé.

Ohun tí mo bá kọ mí lóminú. Akọni mi wà ní ìpele 50. Àwọn ìhámọ́ra tí mo fi òru wá kò lágbára mọ́, ẹ̀gbà ọrùn Heart of Azeroth tí mo ń fi agbára kún lójoojúmọ́ ti di ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Àpò mi kún fún ohun tí n kò rántí ìwúlò wọn, ìwé iṣẹ́ mi kún fún iṣẹ́ tí wọ́n rán akọni mi tí n kò mọ ibi tí mo bá wọn dé, gbogbo ẹ̀bùn ìjà tí mo yàn fún un ti pòórá, bọ́tìnnì tó wà níwájú mi sì lé ní ọgbọ̀n. Mo dúró ní àárín ìlú Boralus fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, mo ń wo àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ń gun dírágónì kọjá lórí mi, lẹ́yìn náà ni mo pa kọ̀ǹpútà.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n máa bá akọni yìí lọ ni, àbí kí n dá tuntun? Ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ ṣe ìtàn Shadowlands àti ti Dragonflight, àwọn àfikún tí kò ṣojú mi? Kí ni mo lè sọ nù nínú ẹrù mi? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ bá àwọn tí wọn kò kúrò nídìí eré yìí rí?

Asà-Irin:

Ẹ káàbọ̀. Kò sí ẹni tó jà yín lólè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí Shadowlands kù díẹ̀ kó jáde, àwọn tó ni eré náà fún gbogbo ìpele pọ̀, nítorí pé nọ́ńbà ti ń pọ̀ jù, ìpele tí ẹnì kan ń gùn kò sì nítumọ̀ mọ́. Ẹni tó wà ní 120 bọ́ sí 50, àwọn ẹbọra àti ọ̀tá tí ẹ ń bá jà sì rẹlẹ̀ pẹ̀lú yín, tó fi jẹ́ pé agbára yín sí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Shadowlands gbé òpin ìpele dé 60, Dragonflight gbé e dé 70 ní ọdún 2022, The War Within sì gbé e dé 80 ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ọgbọ̀n ìpele péré ni ẹ fẹ́ gùn. Ẹ wo àpò owó yín pẹ̀lú, ẹ ó rí i pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kan wúrà yín.

Ní ti ìhámọ́ra tó di aláìlágbára, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ọ̀pọ̀ àwọn tó ń padà bọ̀ ti máa ń wá. Wọ́n ṣètò àfikún kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí gbogbo èèyàn á fi tò sórí ìlà kan náà láìpẹ́ lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ogun aláwọ̀ ewé, irú tó wọ́pọ̀, tí wọ́n máa fún yín níbi iṣẹ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ní erékùṣù Isle of Dorn, níbi tí The War Within ti bẹ̀rẹ̀, lágbára ju gbogbo èyí tí ẹ kó jọ ní ọdún 2019 lọ. Àwọn tí ẹ rò pé wọ́n ti fi ọdún márùn-ún ṣíwájú yín, àwọn náà bọ́ aṣọ wọn sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, wọ́n sì wọ tuntun. Ohun tí wọ́n fi jù yín lọ kò ju ìmọ̀, ẹran gígùn (ẹranko tí akọni ń gùn), àti àkójọ ohun ẹlẹ́wà lọ. Ọ̀nà jíjìn tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn kò sí. Mo ti rí ẹni tó padà dé, tó kọ gbogbo ohun tó ti kọjá lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé kan, tó ní òun yóò máa ṣe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2019. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí ó tó sú u, ó sì tún padà síbi tó ti wá.

Ẹ máa bá akọni àtijọ́ yín lọ. Bí ọwọ́ yín bá ti wá le jù, ẹ dá kékeré kan sí Exile's Reach, erékùṣù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé pẹ̀lú Shadowlands, ẹ fi í ṣeré dé ìpele 10. Wọ́n á máa fún yín ní bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, kì í ṣe ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò tíì san owó àkáǹtì rẹ̀ lè ṣe èyí náà, nítorí pé àkáǹtì tí owó rẹ̀ ti tán ṣì lè lo akọni tí kò bá kọjá ìpele 20. Ó yẹ kí ẹ ti dán èyí wò kí ẹ tó náwó, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìtàn tí ẹ fò kì í ṣe dandan. Nínú Final Fantasy XIV, eré mìíràn tó jọ èyí, ẹ kò lè dé àfikún rẹ̀ Dawntrail láìjẹ́ pé ẹ ti la ìtàn gbogbo àfikún tó ṣáájú rẹ̀ kọjá ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, tàbí kí ẹ sanwó kí wọ́n bá yín fò ó. Ti World of Warcraft kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá Chromie, ẹ̀dá inú eré tó ń gbé èèyàn lọ sí àsìkò àfikún àtijọ́, ní ìlú Stormwind tàbí Orgrimmar, ẹ sọ àsìkò tí ẹ fẹ́ fún un, iṣẹ́ ibẹ̀ á sì máa bá ìpele yín mu títí ẹ ó fi dé 70. Tèmi ni pé kí ẹ yan Dragonflight, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá irú fífò tí gbogbo ayé ń fò báyìí sílẹ̀, tí ẹran gígùn ń fi eré ṣubú láti òkè kó lè sáré sí i. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n fò dáadáa kò ní máa fi ìdajì àkókò rẹ̀ rìn. Bí ẹ bá ti dé 70, ẹ fi ohunkóhun tí ẹ bá ń ṣe sílẹ̀, kí ẹ forí lé Dornogal, olú ìlú The War Within.

Alápò-Kíkún:

Ọ̀rọ̀ àpò ni tèmi, nítorí pé òun ló lé mi kúrò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìwé iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kì í ṣe àpò. Ẹ pa gbogbo iṣẹ́ àtijọ́ rẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó fún yín, bí ẹ bá sì ti kọ iṣẹ́ kan sílẹ̀, àwọn ohun tí wọ́n fún yín tìtorí rẹ̀ sábà máa ń bá a lọ, nítorí náà àyè á ti ṣí nínú àpò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kọjú sí ìhámọ́ra. Láti ọdún 2016 ni eré náà ti ní àpótí aṣọ tó ń rántí ìrísí gbogbo ohun tí ẹ bá ti gbà, kí ẹ lè máa fi ìrísí náà bo aṣọ tuntun. Tẹ́lẹ̀, jagunjagun kò lè kọ́ ìrísí aṣọ oṣó, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí The War Within ti dé, ohunkóhun tí akọni yín kan bá gbà ni gbogbo akọni tó wà lórí àkáǹtì yín ní ìrísí rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí ìdí tí ẹ fi ní láti máa ru irin àtijọ́ kiri torí ẹwà rẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé e, ẹ kà á bóyá wọ́n kọ ọ́ pé ẹ kò tíì kó ìrísí rẹ̀ jọ. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ tà á fún oníṣòwò. Èyí tí kò bá tíì so mọ́ yín lára ni ẹ ní láti wọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ìrísí rẹ̀ tó wọ àpótí. Ohun ìṣeré tí ẹ lè tẹ̀ kí ó wọ inú àpótí ohun ìṣeré, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹran gígùn tí ẹ kò tíì kọ́, ẹ kọ́ ọ.

Ewé, irin, awọ àti aṣọ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ẹ má ṣe dà á nù rárá. Ẹ gbé e lọ sí ọjà gbàǹjo. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ nítorí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ rọ, irú wọn a sì máa ra irin ọdún 2018 lówó tó máa yà yín lẹ́nu. Oúnjẹ àti oògùn àtijọ́, ẹ tà á.

Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí mo padà dé lẹ́ẹ̀kejì, inú bí mi sí àpò mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ láìkà á. Ọ̀pá kan wà níbẹ̀ tí mo gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí n tó rí i. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rántí. Ètò kan wà lójú ìwé ìrànlọ́wọ́ àwọn tó ni eré náà tí ẹ lè fi dá ohun tí ẹ ti pa rẹ́ padà fúnra yín láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, òun ló sì yọ mí nínú ewu, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun ló máa ń bá ibẹ̀ padà. Nítorí náà, bí ohun kan bá rú yín lójú, ẹ kó o sí báńkì. Báńkì àjọlò gbogbo akọni yín wà báyìí, ẹgbẹ̀rún kan wúrà ni wọ́n ń gbà láti ṣí ìsọ̀rí àkọ́kọ́, àyè 98 ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ da gbogbo ohun tí ẹ kò bá mọ̀ síbẹ̀ kí ẹ gbàgbé rẹ̀ fún oṣù kan.

Akọni-tó-padà:

Mo dúpẹ́ gan-an. Àpò ti fúyẹ́, mo sì rí wúrà díẹ̀ nídìí irin àtijọ́ bí wọ́n ṣe wí. Àmọ́ mo gbìyànjú láti bá ẹranko mẹ́ta jà lẹ́ẹ̀kan náà, mo kú. Mo tún gbìyànjú, mo tún kú. Ìka mi kò mọ ibi tó ń lọ mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn addon, ìyẹn ètò kéékèèké tí èèyàn ń fi kún eré náà, tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ń gbé àpótí àṣìṣe wá sójú mi ní gbogbo ìgbà, ọ̀kan sì bo idà mi mọ́lẹ̀ tí n kò fi rí bí mo ṣe ń jà.

Ìyá Adáhunṣe:

Ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀. Ìka ni ìṣòro yín, kì í ṣe akọni, ìka sì máa ń rántí bí a kò bá kó o láyà jẹ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn addon. Ẹ pa eré náà pátápátá, ẹ ṣí fódà tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ wá àwọn mẹ́ta tó ń jẹ́ Cache, Interface àti WTF, kí ẹ yí orúkọ wọn padà, kí ẹ má pa wọ́n rẹ́. Bí ẹ bá tún ṣí eré náà, yóò dá tuntun sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ojú yín á sì mọ́ bí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé. Bí ẹ bá kábàámọ̀, ẹ dá orúkọ àtijọ́ padà. Ẹ fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ṣeré láìní addon kankan. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí a ń fi addon ṣe nígbà tiyín, bíi ká sún ọ̀wọ́ bọ́tìnnì síbi tó wù wá tàbí ká sọ àwòrán ìlera di ńlá, eré náà fúnra rẹ̀ ti ń ṣe é láti ọdún 2022 nínú ohun tí wọ́n ń pè ní Edit Mode.

Ẹ̀bùn ló kàn. Àtẹ ẹ̀bùn méjì ló wà níwájú yín báyìí, ọ̀kan fún gbogbo jagunjagun, ọ̀kan fún irú jagunjagun tí ẹ jẹ́. Ẹ má ṣe jókòó ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún àmì yẹn kí ẹ máa kà á bí ìwé òfin. Níbi tí ẹ ti ń yan ètò ẹ̀bùn, Starter Build wà níbẹ̀. Ẹ yàn án, yóò máa tọ́ka èyí tí ẹ máa mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò dára jù lọ, ṣùgbọ́n kò burú, ẹ sì lè yí i padà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí ojú yín bá là. Láti ìpele 71 ni ẹ̀bùn àwọn akọni ńlá yóò tún ṣí. Ti jagunjagun alásà jẹ́ méjì, Colossus àti Mountain Thane. Ẹ̀kejì tó ń fi ààrá jà ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà mú, nítorí pé púpọ̀ nínú ààrá náà á máa sán fúnra rẹ̀.

Wàyí o, ìka. Ẹ yọ gbogbo bọ́tìnnì kúrò, gbogbo wọn pátá. Ẹ fi márùn-ún péré padà: Shield Slam, Thunder Clap, Revenge, Shield Block àti Ignore Pain. Ẹ wá àwọn ère ìdánrawò tó wà ní ìlú ńlá, kí ẹ máa lù wọ́n fún ìdá mẹ́rin wákàtí kí ẹ tó jáde lọ síbikíbi. Ohun tí ẹ ń kọ́ níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: Shield Slam àti Thunder Clap ń mú ìbínú wá, ìyẹn agbára tí jagunjagun ń ná nínú ìjà, Shield Block àti Ignore Pain ń ná ìbínú náà láti dáàbò bò yín, Revenge sì ni fún ìbínú tó bá ṣẹ́kù. Ẹ kú nígbà tí ẹ bá ẹranko mẹ́ta jà nítorí pé, mo lè búra, gbogbo ìbínú yín ni ẹ ń fi lù wọ́n, ẹ kò gbé asà sókè. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi Charge kún un. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ fi Pummel kún un, èyí tó ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ oṣó lẹ́nu kó má lè pe idán rẹ̀ parí. Taunt lè dúró títí ẹ ó fi ní ẹlòmíràn tí ẹ fẹ́ gbèjà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n fi ìrànlọ́wọ́ kan kún eré náà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sára bọ́tìnnì tó yẹ kí ẹ tẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ lò ó bí ọ̀pá ìtìlẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀, àmọ́ ẹ rántí pé bí ẹ ṣe máa lu ọ̀tá ló mọ̀, kò ní bá yín ṣọ́ ìgbà tó yẹ kí ẹ dáàbò bo ara yín.

Bí ẹ bá ti lè bá mẹ́ta jà láìkú, ẹ wọ dungeon, ibùdó ọ̀tá tí èèyàn márùn-ún ń jọ wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì bá èèyàn wọ̀ ọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni irú dungeon kan ti wà tí àwọn ọmọ ogun kọ̀ǹpútà fi ń tẹ̀lé yín, ọ̀kan ń wò yín sàn, àwọn yòókù ń bá yín jà. Wọn kì í kanjú, wọn kì í bú èèyàn, bí ẹ bá dúró ka àlàyé ohun kan, wọ́n á dúró tì yín. Ẹni tó ń gbé asà ló ń ṣíwájú ẹgbẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹ ti lè ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìsí ẹni tó máa mí kanlẹ̀. Èmi tí mo ti ń wo èèyàn sàn láti ayébáyé nínú eré yìí, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ bí wọ́n bá yí iṣẹ́ mi padà.

Delve náà wà, àwọn ihò kéékèèké tó dé pẹ̀lú The War Within. Ẹnì kan lè dá wọ̀ ọ́, títí dé èèyàn márùn-ún, Brann Bronzebeard, ẹ̀dá inú eré tí kọ̀ǹpútà ń darí, á sì máa bá yín lọ. Bí ẹ ṣe jẹ́ alásà, ẹ sọ fún un kí ó jẹ́ oníwòsàn. Mọ́kànlá ni ìpele líle wọn, ẹ sì lè dúró sí èyí tó bá tù yín lára títí tó fi máa sú yín. Mo fẹ́ràn Delve ju dungeon lọ fún ẹni tó ń padà bọ̀, nítorí pé ẹ lè dá a dúró kí ẹ lọ mu omi.

Ọdẹ-Òru:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Ìyá sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ta ko Asà-Irin níbì kan. Òótọ́ ni pé ìtàn àtijọ́ kì í ṣe dandan, àmọ́ ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹ̀pẹ́rẹ́ mú ìtàn The War Within fúnra rẹ̀. Mo rí àwọn tó ń sá fún gbogbo àwòrán àti ọ̀rọ̀ kí wọ́n lè tètè dé ìpele 80, tí wọ́n sì débẹ̀ tán tí wọn kò mọ̀ pé ìtàn náà ló ń ṣí ọ̀pọ̀ ohun sílẹ̀ lágbègbè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti Isle of Dorn sí The Ringing Deeps, Hallowfall àti Azj-Kahet. Ẹ ṣe é ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Ìtàn náà nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé yín dé òkè, aṣọ tí ẹ bá rí lójú ọ̀nà á sì tó fún yín.

Nítorí èyí, ẹ má náwó sórí ìhámọ́ra kankan kí ẹ tó dé 80. Ẹ má fi òkúta iyebíye sí i, ẹ má sọ agbára sí i, nítorí pé ìpele méjì sí i ni ẹ máa bọ́ ọ jù sílẹ̀. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí ẹ ní láti mọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni Great Vault, àpótí ńlá tó ń ṣí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló ní, fún raid (ìjà ńlá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń jọ jà), fún dungeon àti fún Delve pẹ̀lú iṣẹ́ ìta gbangba. Delve méjì á ṣí àyè kan fún yín, mẹ́rin á ṣí ìkejì, mẹ́jọ á ṣí ìkẹta, ẹ ó sì mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tó bá hàn. Kò sí ohun tó ní kí ẹ kún gbogbo ìlà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ tó sì ń ṣe Delve méjì lọ́sẹ̀ ń jẹ èrè eré yìí.

Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ sí. Láti Dragonflight ni wọ́n ti fi ìmọ̀ àkànṣe sínú rẹ̀, ẹ ó máa rí ìmọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì máa ná an sí ẹ̀ka tí ẹ bá yàn. Ẹ̀bùn ogun ṣeé yí padà, ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ bá ná sí ibi tí kò yẹ kì í ṣeé gbà padà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́ iṣẹ́ wíwa irin tàbí jíjá ewé ná, ẹ máa ta ohun tí ẹ bá rí. Ẹ kò ní láti parí ti àtijọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tuntun, nítorí pé àfikún kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tirẹ̀ láti ọdún 2018.

Asà-Irin:

Mo gba àtúnṣe Ọdẹ-Òru. Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn.

Bí ẹ bá ṣí ìwé orúkọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń bá ṣeré tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé gbogbo orúkọ ti wọ dúdú, pé olórí ẹgbẹ́ kò wọlé láti ọdún mẹ́rin. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Eré yìí, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, ti pé ogún ọdún, eré ṣì ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ibẹ̀ ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má jókòó sínú ẹgbẹ́ tó ti di ahoro nítorí ìfẹ́ àtijọ́. Ẹ kọ ìwé kékeré ránṣẹ́ sí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ mọ̀ jù lọ, kí ẹ sì wá ẹgbẹ́ tí ń mí. Ìdènà tó wà láàárín Alliance àti Horde, ìhà méjì tí akọni máa ń wà, ti dẹ̀ púpọ̀: láti ọdún 2022 ni wọ́n ti lè jọ wọ dungeon àti raid, láti 2023 ni wọ́n sì ti lè jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Ọ̀rẹ́ yín tó wà ní ìhà kejì ní 2019 lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín báyìí.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ bá èèyàn gidi wọ dungeon, ẹ kọ gbólóhùn kan kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀: «Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni, èmi ni mo ń gbé asà, ẹ ní sùúrù.» Mo ti rí ẹni tó ń kánjú tó kúrò nítorí gbólóhùn yẹn. Mo rí ẹni púpọ̀ sí i tó dúró tó ń ṣàlàyé ọ̀nà.

Akọni-tó-padà:

Mo ní kí n wá jíyìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, akọni mi wà ní ìpele 76, Hallowfall ni mo wà, bọ́tìnnì mi sì ti di mẹ́sàn-án. Mo yan ààrá. Dungeon mẹ́rin ni mo ti bá àwọn ọmọ ogun kọ̀ǹpútà wọ̀. Nínú àkọ́kọ́, mo ṣìnà débi pé mo pa dà sí ẹnu ọ̀nà láìmọ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé mi padà síbẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Lánàá ni mo bá èèyàn gidi wọ ìkarùn-ún. Mo kọ gbólóhùn tí Asà-Irin kọ́ mi. Ẹnì kan kúrò lójú ẹsẹ̀, bó ṣe wí gẹ́lẹ́. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé láti ọdún 2017, a sì kú lẹ́ẹ̀mejì péré.

Àwọn tí mo kọ̀wé sí nínú ẹgbẹ́ àtijọ́, ẹnì kan ti fèsì. Ó ní òun kò ṣeré mọ́, ṣùgbọ́n ó bi mí bóyá mo ṣì ní ẹ̀gbà ọrùn yẹn. Mo sọ fún un pé ó wà ní báńkì, pé mi ò ní fọwọ́ kàn án.